Flora Beaton àti Ọ̀nà Mẹ́fà ní Glenbeaton

Àṣìṣe kékeré ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1961, Flora Beaton, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Glenbeaton, fún John Beaton ní lẹ́tà tí wọ́n kọ sí John Beaton. Ibi tó ti burú ni pé kì í ṣe John Beaton tó ni lẹ́tà ló fún.

Boston ni lẹ́tà náà ti wá. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rita ló kọ ọ́ láti fi dáhùn ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tí ọ̀dọ́kùnrin kan ní abúlé wa bá a sọ nígbà Kérésìmesì. Ó ní òun gbà, pé bọ́ọ̀sì ọjọ́ Sátidé lòun ń bá bọ̀, kí ó wá pàdé òun. John tó bọ́ sí lọ́wọ́ jẹ́ àpọ́n, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, tó ń gbé lórí òkè pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Baba náà ka lẹ́tà, ó tún un kà. Kò rántí pé òun bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ já ọmọ ọlọ́mọ kulẹ̀. Ó wọ kóòtù dúdú tó máa ń wọ̀ lọ síbi òkú, ó fi òdòdó sí àyà, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀sẹ̀ kan ló kọjá kí Flora tó mọ̀ pé òun ti ṣìṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ni. Ọjọ́bọ̀ ló fún un ní lẹ́tà, ọ̀sán Sátidé ló fa John tó ni ìyàwó gan-an lọ́wọ́ dé ibùdókọ̀. Wọ́n bá baba náà àti Rita lórí bẹ́ǹṣì, tí baba ń ṣàlàyé bí òun ṣe máa tún òrùlé ilé ṣe kí òtútù tó dé. Àwọn kan tún máa ń fi kún un pé Rita bínú padà sí Boston. Irọ́ ni. John tó yẹ kó fẹ́ ló fẹ́. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí. Mo kọ́ mẹ́ta nínú wọn, ẹyọ kan ló mọ ìṣirò.

Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo abúlé ti ń pe baba náà ní John Ọkọ Ìyàwó. Ó kú ní ọdún 1979, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nínú ilé náà báyìí, ilé Ọkọ Ìyàwó náà ni à ń pè é títí dòní. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí Flora kò fi sọ́kàn tó.

Beaton ni abúlé, Beaton ni odò, Beaton ni òkè. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ní ọdún 1980, ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ́jísítà mi. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn jẹ́ Beaton, mẹ́rin nínú àwọn wọ̀nyí sì ń jẹ́ Mary. Mo pe Mary Beaton, ọmọ márùn-ún dìde. Mo bi ìkarùn-ún ìdí tó fi dìde. Ó ní kò fẹ́ kí àwọn tó kù nìkan jìyà. MacLellan ni èmi, láti ẹ̀yìn òkè, kí n tó fẹ́ Beaton tèmi, torí náà inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣì ń bí mi.

Orúkọ bàbá àti bàbá bàbá ni à ń fi dá ara wa mọ̀. Flora Alec Hughie ni Flora, ìyẹn Flora ọmọ Alec ọmọ Hughie. Rory Dan Rory ni ọkọ rẹ̀. Bí àlejò bá wọ ilé ìdáná yín láìkanlẹ̀kùn, tí ẹ bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?", ohun tó máa kà nìyẹn, bí ó bá sì kà á dé ìran kẹta, tíì ti wà níwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ kejì wà, orúkọ ẹ̀yìn. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ohun ìtìjú kan tí bàbá bàbá ẹni ṣe ló bí i. John tó fẹ́ Rita, John Bọ́tà ni. Bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n rán lọ ta àgbá bọ́tà kan ní ìlú lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje. Ó sùn lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin nínú oòrùn, bọ́tà yọ́ pátápátá, ó dé ọjà, ó ní epo àtùpà lòun gbé wá. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Àtọmọdọ́mọ rẹ̀ kò tíì bọ́ nínú epo náà.

Gbogbo ènìyàn ló ń pe orúkọ ẹ̀yìn, àfi níwájú ẹni tó ni ín. A kì í sọ ọ́ lójú rẹ̀, a kì í sọ ọ́ níṣojú ọmọ rẹ̀, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti rí àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń lu ara wọn bí ẹní lu bàrà níwájú gbọ̀ngàn, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì dárúkọ ẹ̀yìn ẹnìkejì. Eyín lè yọ. Orúkọ ò gbọdọ̀ jáde. Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé ènìyàn lè gbé ayé títí kó kú láìmọ orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é.

Ọdún méjìdínlógójì ni Flora fi pín lẹ́tà. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ilé ìfìwéránṣẹ́ wà, àpótí kéékèèké kún ara ògiri. Bí wọ́n bá kọ "Mary Beaton, Glenbeaton" sára lẹ́tà, á wo ọwọ́ ìkọ̀wé, á wo ìlú tó ti wá, nígbà mìíràn á gbóòórùn rẹ̀, á sì mọ Mary tó ni ín. N kò rí i kó ṣìṣe rí. Òun náà mọ̀, ó sì máa ń sọ ọ́.

"Tíṣà, èmi kì í ṣi lẹ́tà fún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀, ọjọ́ méjì ni mo fi tún un ṣe, gbogbo ayé ti gbàgbé."

Èmi tí n kò lè rí àmì ohùn tó ṣìnà kí n má fi bírò pupa sí i, mo máa ń mu tíì mi, n kì í fèsì. Ó máa ń dùn mí.

Oṣù kejì ọdún 1996 ni ọ̀rọ̀ le. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, Rory ọkọ Flora ń kó igi wọlé, àyà rẹ̀ fún pinpin, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Flora pe áńbúláǹsì. Ó sọ fún wọn pé Rory Beaton ni, ní Glenbeaton. Wọ́n dé Glenbeaton, wọ́n bi ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù oríta níbi tí ilé Rory Beaton wà, ẹni náà sì júwe ilé Rory Beaton fún wọn. Kò purọ́. Ilé Rory ti etíkun ló júwe, ọkùnrin tó lera bí ẹṣin, tó ń la igi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Rory Sùúrù ni orúkọ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ, "sùúrù ná" ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó dùbúlẹ̀. Ó ní, "Sùúrù ná, kò sí ohun tó ṣe mí." Wọ́n ní bí àìsàn ọkàn ṣe máa ń rí nìyẹn, kó dùbúlẹ̀. Kí ó tó ṣàlàyé tán, wọ́n ti so àyà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Ogójì ìṣẹ́jú ló ṣòfò. Rory yè é, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n dókítà pe Flora sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Màmá, ọkàn yẹn máa tún yọ yín lẹ́nu, kò sí iyèméjì. Bí ẹ bá tún pàdánù ogójì ìṣẹ́jú, ẹ má wulẹ̀ pe áńbúláǹsì. Ẹ pe Fáda."

Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló kù tí Flora ń wá láyé: kí ọkọ̀ áńbúláǹsì mọ ilé òun.

Ó dà bíi pé ìjọba gbọ́. Ní oṣù kẹrin, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀wé pé gbogbo ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní orúkọ, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, kí áńbúláǹsì àti panápaná lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Kò gbọdọ̀ sí ọ̀nà méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ní gbogbo àgbègbè. Kí abúlé kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tó máa kó orúkọ jọ. Ta la tún fẹ́ yàn? Ọ̀nà mẹ́fà la ní. Flora pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn.

Mo wà níbẹ̀. Ìdajì wákàtí ni mo rò pé yóò gbà. Wákàtí mẹ́ta la lò.

"Ọ̀nà tiwa," John Bọ́tà ló kọ́kọ́ dìde, "Ọ̀nà Beaton ni."

"John, ọ̀nà gbogbo wa ló ń jẹ́ Ọ̀nà Beaton," Flora dáhùn.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́."

"Ta ló kọ́kọ́ dé síbí?" Angus ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Angus Póòpù ni, ọmọ ọmọ ẹni tó bá Fáda jà nítorí orin kan, tó wá ń ka Máàsì fún àwọn màlúù rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. "Bàbá bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí. Tiwa ni Ọ̀nà Beaton."

"Ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nítorí bàbá bàbá bàbá tèmi tì í bọ́ọ́lẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi!" John ké.

"Sùúrù ná," ni Rory ti etíkun wí, ìyẹn sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Flora lu tábìlì. "Ẹ gbọ́ mi! Ọ̀nà Beaton kan ti wà ní àgbègbè yìí tẹ́lẹ̀. Ìlú kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni. Ìjọba ò ní gbà á fún ẹnikẹ́ni nínú wa."

"Beaton wo ló ń gbé ibẹ̀?"

"Kò sí Beaton kankan níbẹ̀."

Ariwo tó sọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, n kò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ tèmi, tí mo rò pé ó ní làákàyè, dìde ó ní kí á lọ hú pátákó wọn. Bí ìpàdé ṣe tú ká nìyẹn. Orúkọ kan ṣoṣo la rí kó jọ, kò sì ṣe é lò. Mo sọ fún Flora pé kó fún wọn ní nọ́ńbà, Ọ̀nà Kìíní, Ọ̀nà Kejì. Ó ní tí awakọ̀ bá dé ṣọ́ọ̀bù oríta tó béèrè Ọ̀nà Kẹta, ta ló máa mọ̀ ọ́n? Àfi orúkọ tí ẹnu àwọn ènìyàn ti mọ́. Òótọ́ ló sọ. Mo gbà.

Fọ́ọ̀mù wà níwájú rẹ̀ títí di ìparí oṣù kẹfà. Àyè kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé: orúkọ tí àwọn ará àdúgbò mọ ọ̀nà náà sí. Flora wo Rory tó ń mí gúlegúle lórí àga, ó mú bírò, ó sì dáhùn ìbéèrè náà. Ọ̀nà Bọ́tà. Ọ̀nà Póòpù. Ọ̀nà Sùúrù. Ọ̀nà Ọkọ Ìyàwó. Ọ̀nà Ọ̀fẹ́, ìyẹn ni tiwa, nítorí pé bàbá bàbá ọkọ mi kò pa ìsìnkú kankan jẹ ní ọgbọ̀n máìlì yí ká níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti ń gbé oúnjẹ kiri. Nígbà tó kan ọ̀nà tirẹ̀, ó kọ Ọ̀nà Beaton, ó rò pé bóyá wọ́n á gbójú fò ó. Bí ìdánwò bá ni, mo máa fún un ní márùn-ún nínú mẹ́fà. Ohun tó rò ni pé inú ìwé àwọn tó ń gbé fóònù áńbúláǹsì ní ìlú ni orúkọ wọ̀nyẹn máa wà, tí ẹnì kankan lábúlé kò ní rí i. Kò bi ẹnikẹ́ni. Kò bi èmi, tí mò ń mu tíì nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹjọ, ọkọ̀ ìjọba dé. Kó tó di ọ̀sán, pátákó márùn-ún ti dúró lórí òpó irin, àwọ̀ ewé, lẹ́tà funfun gàdàgbà. Ènìyàn lè kà á láti orí ọkọ̀ ojú omi.

Inú ilé ìdáná Flora ni mo wà nígbà tí John Bọ́tà já wọlé. Rory wà lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ojú John pọ́n bí akàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀.

"Flora! Kí nìyẹn?"

"John, jókòó. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa—"

"Ọgọ́ta ọdún! Ọgọ́ta ọdún ni mo ti wà láyé, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn létí mi rí. Àárọ̀ yìí ni mo kà á, lórí òpó, níwájú ilé mi! Rita ń rẹ́rìn-ín, kò lè dìde nílẹ̀."

"O ò mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀! Ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n n kò *gbọ́* ọ!"

Ìyàtọ̀ ńlá ni. Mo bá a mọ̀ ọ́n lára. Èmi náà kọjá lábẹ́ Ọ̀nà Ọ̀fẹ́ kí n tó débẹ̀.

"Nítorí Rory ni," Flora sọ. "O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì."

"Ọkàn Rory ló wá sọ bàbá bàbá mi di ẹlẹ́yà? Níbo ni pátákó tìrẹ wà? Mo wá a, n kò rí i. O kọ ti gbogbo wa, o fi tìrẹ pamọ́!"

"N kò fi pamọ́. A ò ní."

John wo èmi, ó wo Rory, Rory kọjú sí fèrèsé.

"Ìwọ," John ní, ó na ìka sí i, "ìwọ tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí o gbé ìyàwó mi fún arúgbó!"

"Ó ti pé ọdún márùndínlógójì! Ọjọ́ méjì ni mo fi tún un ṣe. Ta ló tún rántí?"

Ọkùnrin náà wú bí búrẹ́dì. Èébú tó fẹ́ bú u wà lórí ahọ́n rẹ̀, mo rí i kedere, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kọ́ ọ, kò lè sọ ọ́ lójú ẹni tó ni ín. Ó yí padà, ó gbá ìlẹ̀kùn mọ́ wa lójú.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wọ ilé ìdáná náà mọ́ yàtọ̀ sí èmi. Wọ́n ń gba lẹ́tà lójú fèrèsé, wọn kò kí i. Angus Póòpù ń na ọwọ́ gbalẹ́tà bí ẹni tó ń gba ìwé ìdájọ́.

Ní Ọjọ́rú, Ọ̀gbẹ́ni Poirier ti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Ẹ káàárọ̀ Mà. Ọ̀nà márùn-ún ti wọlé, ẹ ṣeun, orúkọ yẹn dùn gan-an. Ìkẹfà ni kò ṣe é ṣe. Ọ̀nà Beaton ti wà."

"Ẹ kọ Ọ̀nà Rory."

"Ó ti wà, Mà."

"Ọ̀nà Alec ńkọ́?"

"Mẹ́rin ló béèrè fún un. A ti fún ẹnì kan. Mà, ẹ fún mi ní ohun tí àwọn ará àdúgbò ń pè é, bíi ti àwọn yòókù. Títí di ọjọ́ Ẹtì. Tí kò bá dé, ilé yín ò ní wọlé sínú ẹ̀rọ wa àfi lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀. Mo rí i bó ṣe wo Rory. Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé ìgbéraga rẹ̀ sápò, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń béèrè orúkọ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ṣé ẹ ti rí irú rẹ̀ rí? Àwọn tí kò fẹ́ rí i sójú mọ́ gbé tíì fún un, torí pé àlejò ni, wọ́n sì ní àwọn ò mọ̀ pé ó ní orúkọ kankan. Rory Sùúrù ní kó ṣe sùúrù. Ó bi ọmọ ẹ̀gbọ́n Ọkọ Ìyàwó, obìnrin náà ní òun ní búrẹ́dì lórí iná. Kò sí búrẹ́dì kankan. Abúlé tó ń fi ọjọ́ méje sọ ọ̀rọ̀ Flora lẹ́yìn, kò rí ẹnì kan tó lè sọ ọ́ níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kódà nígbà tí inú ń bí wọn sí i! Ó sú mi. Ìwà ọmọlúwàbí tó fẹ́ pa ènìyàn, irú ìwà wo nìyẹn?

Ọjọ́ Ẹtì, mo lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán. Fọ́ọ̀mù tuntun wà lórí tábìlì. Rory wà lórí àga.

"Tíṣà," ó ní, "ìwọ kì í ṣe Beaton."

"Rárá o, Àǹtí Flora."

"O máa ń tún nǹkan ṣe. O tún ọ̀rọ̀ Fáda ṣe lórí pẹpẹ."

"Ọdún tó dárúkọ ló ṣì."

"Kí ni wọ́n ń pè mí?"

Mo gbé ife sílẹ̀. "Flora Àṣìfún."

Ó wo fọ́ọ̀mù tó wà níwájú rẹ̀.

"Nítorí lẹ́tà kan?"

"Nítorí lẹ́tà kan."

"Ọjọ́ méjì ni mo fi tún un ṣe!"

"Mo mọ̀, mà. Mo máa ń sọ fún wọn."

"Láti ìgbà wo?"

"Wọ́n ní láti ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an. Ẹ̀yin àti John Ọkọ Ìyàwó, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sọ yín lórúkọ. Àǹtí Flora, ẹ máa ń pe baba yẹn ní Ọkọ Ìyàwó, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rò pé abúlé yìí máa sọ ẹni tó gba lẹ́tà lórúkọ, kó wá fi ẹni tó ṣì í fún un sílẹ̀?"

Ó yí sí ọkọ rẹ̀. "Rory! Ìwọ náà mọ̀?"

Rory wo fèrèsé. "Ó pẹ́ díẹ̀."

"Ọdún márùndínlógójì! A jọ ń sùn lórí ibùsùn kan!"

"O ò bi mí."

"Báwo ni mo ṣe máa bi ọ́ ní ohun tí n kò mọ̀ pé ó wà?"

"Flora," ọkùnrin náà ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ láti ìgbà oṣù kejì, "kọ Ọ̀nà Beaton Kékeré. Kọ Ọ̀nà Ewéko. Kọ ohunkóhun."

"Tí wọ́n bá béèrè Ọ̀nà Ewéko ní ṣọ́ọ̀bù oríta, ta ló máa mọ̀ ọ́n?"

Obìnrin tó ti fi ọdún márùndínlógójì gbóòórùn lẹ́tà kó má bàa tún ṣìṣe fa fọ́ọ̀mù mọ́ra, ó sì kọ ọ́. Ó ní kí n wò ó bóyá àmì ohùn rẹ̀ pé. Ó pé.

Wọ́n ri pátákó náà mọ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án: ỌNÀ ÀṢÌFÚN, pẹ̀lú nọ́ńbà 41 lára ilé. Àwọn ìjọba gbàgbé àmì ohùn lórí Ọ kìíní. Mo kọ̀wé sí wọn. N kò tíì rí èsì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, John Bọ́tà rìn wá láti etíkun. Ó dúró lábẹ́ pátákó, ó kà á, ó yí i ká bí ẹni tó fẹ́ rà á. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìdáná láìkanlẹ̀kùn, ó fa àga.

"Tíì dà?"

"O ti rí i?" Flora bi í.

"Mo rí i. Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹni tí kì í ṣe Beaton."

John wò mí. Ó mi orí. "MacLellan," ó ní, bí ẹni pé ìyẹn ṣàlàyé gbogbo ìwà àìtọ́ ayé. Ó wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Flora náà bá a rẹ́rìn-ín, tipátipá ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ilé ìdáná kún. Wọ́n jẹ gbogbo búrẹ́dì tó wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, ní agogo méjì ọ̀sán, Rory tún ṣubú. Mo wà nílé ẹ̀kọ́, n kò rí i. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí Flora sọ fún mi. Ó gbé fóònù. Ẹni tó gbé e ní ìhà kejì béèrè ibi tó wà.

"Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì, Ọ̀nà Àṣìfún."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Awakọ̀ kò yà ní ṣọ́ọ̀bù, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó rí pátákó, ó yà. Wọ́n máa ń sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Mo ti wo ìwé áńbúláǹsì fúnra mi. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Rory wà láàyè, ó sì lo ọdún mẹ́jọ sí i lórí àga ẹ̀bá fèrèsé yẹn.

Ẹ ó rò pé àwọn Beaton máa wá dúpẹ́. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, Angus ti ń sọ fún àwọn àlejò pé òun fúnra òun ló yan Ọ̀nà Póòpù, nítorí ìfọkànsìn ìdílé àwọn. Ọkọ mi ń sọ pé Ọ̀fẹ́ jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi ń yin ẹni tó lawọ́. Mo tún un ṣe níwájú àlejò. A kò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Wọ́n ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ọdún 1999. Rory kú ní ọdún 2004, ní ìrọ̀rùn, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ní ọdún 2008, Flora ta ilé náà fún tọkọtaya kan láti Toronto, tí wọ́n rò pé ẹyẹ kan ló ń jẹ́ Àṣìfún. Mo ti ṣàlàyé fún wọn ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo béèrè kẹ́yìn, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, Flora Beaton, Flora Alec Hughie, wà ní yàrá kẹrìnlá, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní ilé àwọn àgbà ní ìlú etí òkun. Flora Beaton méjì mìíràn wà níbẹ̀. Òun ló ń pín lẹ́tà.